Àǹtí Òòfà àti Ìdajì Kọ́ìlì

Bí ẹ bá fẹ́ wo kọ́ìlì tí Àǹtí Òòfà ń ṣe, ẹ kọ́kọ́ sé èémí yín ná. Bí ẹ bá mí sí i pẹ́nrẹ́n, ó ti fò lọ nìyẹn, ẹ ò sì ní fojú kàn án mọ́ láéláé. Ẹ mú ẹyọ iyọ̀ kan ṣoṣo, kí ẹ fi ojú inú rí i pé ẹnì kan ya wáyà bàbà sórí rẹ̀, wáyà tó tín-ín-rín ju irun orí ọmọ ìkókó lọ, tó ń ká róbótóróbótó bí ẹ̀yìn ìgbín. Kọ́ìlì nìyẹn. Gbogbo ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lábẹ́ gíláàsì tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá ló máa ń béèrè ohun kan náà pé, "Ọwọ́ ta ló wé e?" Àǹtí Òòfà a rẹ́rìn-ín, a ní, "Kò sí ọwọ́ tó wé e. Ẹ̀rọ àti kẹ́míkà ló gbẹ́ ẹ. Tèmi ni pé kí n ti mọ ìwà ọmọ kí wọ́n tó bí i."

Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Bí iná bá gba inú kọ́ìlì kọjá, agbára òòfà á dìde yí i ká. Ibi tó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ náà rèé: agbára ọ̀hún ò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú wáyà. Inú afẹ́fẹ́ tó yí wáyà ká ló pọ̀ sí, níbi tí ojú lásán ti máa sọ pé kò sí nǹkan kan. Iye agbára tí kọ́ìlì lè tọ́jú sínú òfìfo yẹn ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ìndọ́kítánsì. Nínú yàrá iṣẹ́ wọn, "ìwọ̀n" lásán ni wọ́n ń pè é. Ẹ ò lè fi rúlà wọ̀n ọ́n, ẹ ò lè gbé e lé òṣùwọ̀n, kọ́ìlì ọ̀hún gan-an ò sì tíì délé ayé. Nítorí náà, inú kọ̀ǹpútà ni Àǹtí ti máa ń yà á. Á ya wáyà, á ya afẹ́fẹ́ tó yí i ká pẹ̀lú, á wá gé afẹ́fẹ́ yẹn wẹ́wẹ́ bí ẹni ń gé ilá: ègé tó kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà níbi tí agbára ti ń yára yí padà, ègé ńláńlá lọ́ọ̀ọ́kán níbi tí gbogbo nǹkan ti pa rọ́rọ́. Kọ̀ǹpútà á ṣírò agbára tó wà nínú ègé kọ̀ọ̀kan, á kó gbogbo rẹ̀ jọ, ìwọ̀n á jáde. Àwòrán náà á sì yọ lójú gíláàsì kọ̀ǹpútà, pupa bí ẹyin iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, yẹ́lò lẹ́yìn ìyẹn, búlúù títí dé etí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí Àǹtí ti ń wo àwòrán yẹn. Kò tíì sú u rí.

Obìnrin gíga kan ni, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọjọ́ orí rẹ̀ ti ń súnmọ́ ọgọ́ta. Òòfà kékeré kan kì í kúrò nínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ibi tó bá sì gbà kọjá, ìṣó, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì onírin á tẹ̀ lé e lọ. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, àwọn èèyàn kì í sì í pe òun náà ní nǹkan mìíràn. Bí wọ́n bá bi Káfíńtà bó ṣe rí ìyàwó rẹ̀ fẹ́, á ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Òòfà ni òun. Inú ìṣó ni èmi ti ń jẹun. Ta ló fẹ́ bá mi wá alárinà?"

Òkè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta tìmùtìmù ni yàrá iṣẹ́ wọn wà. Wọ́n ti fi téèpù lẹ fèrèsé méjèèjì pa nítorí eruku, wọn kì í sì í tan fáànù, bí ooru tilẹ̀ fẹ́ pa èèyàn. Àwọn mẹ́ta péré ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gá wọn, tí wọ́n ń pè ní Má-Fọwọ́-Kàn-án bí kò bá sí nítòsí, nítorí pé gbólóhùn tó ń sọ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú nìyẹn. Àǹtí fúnra rẹ̀. Àti Ẹsẹ̀-Ológbò, ọkùnrin kan tó ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ jí ilẹ̀ lójú oorun. Ọwọ́ Àǹtí ló ti kọ́ṣẹ́ kó tó fẹ́yàwó, ó ti bímọ méjì báyìí, síbẹ̀ kò tíì jókòó rí kí Àǹtí tó jókòó.

Ẹni kẹrin ni kọ̀ǹpútà. Ó ti gbó débi pé Arúgbó ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá gbé odindi kọ́ìlì fún un, á gbóná, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, á sì sùn lọ, kò sí bí ẹ ṣe lè jí i àfi kí ẹ fa wáyà iná rẹ̀ yọ. Ṣùgbọ́n kọ́ìlì tiwọn dọ́gba lọ́tùn-ún lósì bí aṣọ tí a ká sí méjì, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lápá kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lápá kejì. Nítorí náà Àǹtí á là á láàárín, á fún Arúgbó ní ìdajì, ìwọ̀n tó bá jáde, á sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. "A kì í gbé odindi ẹrù ru arúgbó," ó ti sọ ọ́ fún Ológbò láìmọye ìgbà, "ṣùgbọ́n bí arúgbó bá sọ ẹrù kalẹ̀, rántí pé ìdajì ló rù."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Òun náà ló pa dà wá gbé gbogbo wọn ṣubú.

Ìyá Àǹtí Òòfà ti gbàgbé ohun gbogbo tán kó tó kú. Iyọ̀ inú ọbẹ̀ ló kọ́kọ́ gbàgbé, ó wá kan ọ̀nà ilé, ó wá kan orúkọ àwọn ọmọ. Nígbẹ̀yìn, bí Àǹtí bá gbé oúnjẹ wọlé fún un, ìyá arúgbó náà á sáré dìde, á kúnlẹ̀ fún un, á ní, "Ẹ káàbọ̀, ìyá mi." Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá kúnlẹ̀ kí kò ní gbàgbé ọjọ́ náà láé, àfi bí òun náà bá débẹ̀.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù nìyẹn: kí òun náà má débẹ̀. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó ti ń ṣọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ olè. Lọ́jọ́ kan ó dúró sídìí ẹ̀rọ omi pẹ̀lú kọ́ọ̀bù lọ́wọ́, kò sì mọ ohun tó fẹ́ fi kọ́ọ̀bù ṣe. Lọ́jọ́ mìíràn ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù onítìmùtìmù, ó gbé báàgì rẹ̀ lé orí tìmùtìmù kan, ó jókòó, ó ń wá ibi tí Arúgbó wà. Onítìmùtìmù rò pé ó fẹ́ rajà ni. Lọ́jọ́ tó tún wá kọ́kọ́rọ́ ilé tì, tó pa dà rí i nínú fíríìjì, àárín ẹyin, ó mú un jáde. Ó pe Káfíńtà.

"Ta ló fi kọ́kọ́rọ́ sínú fíríìjì?"

Káfíńtà wo kọ́kọ́rọ́, ó wo ojú rẹ̀. "Èmi ni."

"Ẹ̀yin? Kí ló dé?"

"Ooru ló mú un. Ó bẹ̀ mí pé kí n gbé òun síbi tútù díẹ̀."

"Ọmọ ọdún mélòó lẹ máa dà kẹ́ ẹ tó mọ ibi tí wọ́n ń gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́?"

"Máa bú mi. Ṣáà ti fún mi lóúnjẹ."

Ó bú u dáadáa. Ara rẹ̀ sì balẹ̀. Orí òun ṣì pé nígbà náà, ti Káfíńtà ló ń yẹ̀.

Àsìkò yẹn ni iṣẹ́ ilé oògùn dé. Wọ́n fẹ́ ṣíìpù tíńtín kan tó máa wà nínú ìdérí ìgò abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nọ́ọ̀sì á fi ẹ̀rọ kékeré kan ìdérí ìgò, ẹ̀rọ á pe ṣíìpù, ṣíìpù á dáhùn, ìdáhùn náà á sì sọ bóyá oògùn inú ìgò ti gbóná rí lójú ọ̀nà. Kò sí bátìrì nínú rẹ̀. Kọ́ìlì kan ló wà níbẹ̀ àti kàpásítọ̀ kan tó ń tọ́jú iná, àwọn méjèèjì jọ gbé ohùn kan. Bí ìwọ̀n kọ́ìlì bá jẹ́ báyìí, kàpásítọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ báyìí, ohùn náà á sì bọ́ síbi tí ẹ̀rọ nọ́ọ̀sì ti ń pè é. Bí ẹ bá ṣi ọ̀kan ṣírò, ohùn á yẹ̀. Ẹ máa pè é títí, kò ní jẹ́ yín.

Bí wọ́n ṣe pín in ni pé Àǹtí á wá ìwọ̀n kọ́ìlì, Ológbò á fi ìwọ̀n yẹn ya kàpásítọ̀, wọ́n á sì fi àwòrán ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ń gbẹ́ ẹ lókè òkun. Ohun kan wà nínú èyí tí kò sí nínú àwọn tó ti kọjá. Irin ni ìdérí ìgò, irin sì máa ń da agbára òòfà rú, nítorí náà wọ́n fi awẹ́ òòfà pẹlẹbẹ kan bo orí kọ́ìlì láti dáàbò bò ó. Awẹ́ yẹn ba ìṣirò orí pépà jẹ́. Tẹ́lẹ̀, èèyàn lè fi bírò wá ìwọ̀n tó jọ ọ́ kó fi yẹ ti Arúgbó wò. Lórí èyí, àfi Arúgbó nìkan.

Ọ̀gá pe àwọn méjèèjì jọ. "Bí èyí bá bọ́ sí i, a wà níbí," ó ní. "Bí kò bá bọ́ sí i, onítìmùtìmù ìsàlẹ̀ ti ń béèrè yàrá yìí lọ́wọ́ onílé. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni."

Wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n fún Àǹtí, ọ̀rọ̀ náà ju yàrá lọ. Ó ti bá ara rẹ̀ ṣàdéhùn: bí ṣíìpù yìí bá dáhùn, orí òun pé, òun ò tíì tọ ọ̀nà ìyá òun. Bí kò bá dáhùn, kí òun má tan ara òun jẹ mọ́.

Ó wá dá ọgbọ́n kan. Bó bá ti fún Arúgbó ní ìdajì, á na àtẹ́lẹwọ́ òsì sílẹ̀ lórí tábìlì, á fi síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò ní gbé e. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló máa fi mu omi, tó máa fi nu ojú. Ìgbà tí ìwọ̀n bá jáde, tó bá sọ ọ́ di méjì, ìgbà náà ló máa tó gbé àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún pàdé ti òsì, pẹ̀ẹ́. Ọwọ́ kan, ìdajì. Ọwọ́ méjì, odindi. Kò sí bó ṣe máa gbàgbé, àfi bó bá gbàgbé pé òun lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ tí ìwọ̀n máa jáde, Arúgbó ti ń mí láti àárọ̀. Lọ́sàn-án, Ọ̀gá wá dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Àǹtí, ẹ má bínú o. Àwọn ará ilé oògùn tún ti pè."

"Ẹ sọ fún wọn pé ọmọ ò tíì yọ orí."

"Mo sọ ìyẹn láàárọ̀."

"Ẹ wá sọ pé orí ti yọ, ó ku èjìká."

Ológbò fi imú rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín, kò sì kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Àwòrán yọ: pupa, yẹ́lò, búlúù, awẹ́ òòfà náà sì tẹ gbogbo rẹ̀ wálẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn fi ọwọ́ bo fìtílà. Ìwọ̀n tẹ̀ lé e: mọ́kànlélógún. Àǹtí wo ọwọ́ òsì rẹ̀ tó wà lórí tábìlì. Ó sọ ọ́ di méjì, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún, ó pa á pọ̀ mọ́ ti òsì, pẹ̀ẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún fún ayọ̀.

"Ológbò, méjìlélógójì."

"Méjìlélógójì, Àǹtí mi?"

"Ṣé o ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́, mà." Ológbò kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ń wo Àǹtí, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀.

"Ṣé nǹkan wà?"

Ológbò wo Ọ̀gá lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo Àǹtí tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọdébìnrin. "Rárá o, mà. Kò sí nǹkan kan." Ó kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi àwòrán ránṣẹ́ kí oòrùn tó wọ̀.

Ṣíìpù dé lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, nínú páálí kékeré kan tí wọ́n fi bébà dí nínú bíi pé ẹyin ló wà níbẹ̀. Àǹtí wọ aṣọ tuntun lọ́jọ́ náà. Ológbò gbé ṣíìpù kan sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń pè é. Ó yẹ kí ìlà tó wà lójú gíláàsì ẹ̀rọ náà rì wọlẹ̀ níbì kan, bí ojú ọ̀nà tó ní kòtò. Kòtò yẹn ni ìdáhùn. Ìlà náà tẹ́jú bíi tábìlì. Ó gbé òmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọ̀gá sún mọ́ wọn, ó sì na ọwọ́ sí ṣíìpù fúnra rẹ̀, òun tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

"Ó lè jẹ́ pé wáyà ẹ̀rọ ló yọ," ni Àǹtí wí.

"Wáyà ò yọ, mà," ni Ológbò dáhùn. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó yí ẹ̀rọ náà lọ sókè, sókè, kọjá ibi tí ẹ̀rọ nọ́ọ̀sì kankan lè dé. Níbẹ̀, ìlà náà rì wọlẹ̀, kòtò tó dára, tó mú ṣáṣá. Ṣíìpù ń dáhùn. Ó kàn jẹ́ pé ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní pè é láé ló ti ń dáhùn.

Ọ̀gá ò bínú. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó jáde lọ tẹ ilé oògùn láago.

Káfíńtà bá Àǹtí lórí ìjókòó nírọ̀lẹ́ náà, aṣọ tuntun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò jẹun. Ohun kan ṣoṣo ló ń yí lọ́kàn rẹ̀: bóyá òun ti gbàgbé. Ó rántí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó rántí ìró pẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ náà máa ń rántí ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, òun ló kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́. Kọ́ìlì náà ṣì wà nínú Arúgbó. Ó tún ìdajì gbé fún un, ó jókòó tì í bí ẹni tó jókòó ti aláìsàn. Mọ́kànlélógún. Ìlọ́po méjì rẹ̀, méjìlélógójì. Ó wá ṣí àwòrán kàpásítọ̀ tí Ológbò yà, ó wọ̀n ọ́n, ó fi ṣírò pa dà sẹ́yìn. Kọ́ìlì mẹ́rinlélọ́gọ́rin ni Ológbò yà á fún.

Àǹtí wo iye yẹn títí. Inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, ojú sì ń tì í pé inú òun ń dùn. Orí òun pé. Gbogbo ilé wó, iṣẹ́ bàjẹ́, ṣùgbọ́n orí òun pé.

Ológbò wọlé. Àfi bí ìgbà tó hù jáde láti inú ilẹ̀.

"Jókòó," ni Àǹtí wí. "Mi ò fẹ́ pariwo. Arúgbó fún mi ní mọ́kànlélógún, mo fún ẹ ní méjìlélógójì. O tún un sọ di méjì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló dé? Àbí o gbàgbé ni?" Ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu láti bi ẹlòmíràn ní ìbéèrè yẹn.

Ológbò ò jókòó. "Mi ò gbàgbé, mà. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ gbàgbé."

"Èmi? Kí ló máa mú kó o rò bẹ́ẹ̀?"

Nísàlẹ̀, onítìmùtìmù ń bá ẹnì kan dúnàádúrà, ohùn wọn ń gòkè wá.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́."

"Sọ ọ́."

"Ẹ rántí kọ́ìlì tá a ṣe fún àwọn oníṣẹ́ aago? Ìdajì lẹ fún mi. Mo fi bírò ṣírò rẹ̀, mo rí i pé kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní àṣìṣe ni, kò sẹ́ni tí kì í ṣe é. Mo tún un ṣe. Èyí tó tẹ̀ lé e, ìdajì. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn náà, ìdajì. Mo ń tún un ṣe, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo wọn ni, mà, láti ìgbà yẹn. Èyí nìkan ni mi ò rí fi bírò yẹ̀ wò, nítorí awẹ́ òòfà yẹn. Mo kàn ní... bó ṣe máa ń rí ló máa rí."

"Gbogbo wọn."

"Èyí nìkan lẹ rántí, mà."

Àǹtí wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Kí ló dé tí o ò bi mí? Ọ̀rọ̀ kan péré. Ṣé ìdajì ni àbí odindi?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ìdajì àti odindi, Àǹtí mi. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bi yín? Lọ́jọ́ yẹn ó ti dé etí ètè mi. Mo wo ojú yín, inú yín ń dùn. Ọ̀gá sì dúró síbẹ̀. Ká ní mo bi yín, Ọ̀gá á béèrè ìdí tí mo fi bi yín."

Kò sí ohun tí Àǹtí fẹ́ bínú sí. Ó wá a, kò rí i. Bí ọkùnrin yìí bá kórìíra rẹ̀ ni, ìbá ti tú àṣírí rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, gbogbo wọn ìbá sì ti mọ̀. Àánú ló bò ó mọ́lẹ̀ bí awẹ́ òòfà, tí agbára ò fi ríbi jáde.

"Mo máa sọ fún Ọ̀gá pé èmi ni," ni Ológbò wí.

"Á bi ẹ́ léèrè ìdí."

"Mo máa purọ́."

"O ò mọ̀ ọ́n pa. Ẹsẹ̀ rẹ nìkan ni kì í dún, ojú rẹ ń dún." Ó dìde. "Jókòó síbẹ̀."

Ó lọ bá Ọ̀gá ní yàrá kejì, ó ní ìwọ̀n kan ni wọ́n sọ di méjì lẹ́ẹ̀mejì, pé ọwọ́ òun ló ti wá, kí wọ́n má fi ọwọ́ kan Ológbò. Ó ti múra gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ọ̀gá gbọ́ ọ tán, ó ń fi ìka yí ìdérí bírò.

"Ọwọ́ ẹni tó ti wá ò já mọ́ nǹkan kan mọ́, Àǹtí. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ náà fún àwọn mìíràn lánàá, kí n tó sọ gbólóhùn kejì. Mo rò pé mo ti sọ fún yín." Ó wo ojú Àǹtí. "Àbí mi ò tíì sọ fún yín?"

Àǹtí ò lè sọ bóyá ó ti sọ tàbí kò tíì sọ.

Àwọn onítìmùtìmù gòkè wá pẹ̀lú téèpù láti wọn yàrá. Wọ́n bọ́ téèpù fèrèsé dànù, wọ́n ṣí i, eruku wọlé wùù, ẹnikẹ́ni ò sì pariwo lé wọn lórí. Ológbò rí iṣẹ́ sí ilé ìtajà fóònù kan. Ó ń bẹ Àǹtí wò, ó ń jókòó sí etí àga, títí tí Àǹtí fi sọ fún un pé kó sinmi ẹsẹ̀ rẹ̀ ná. Ọ̀gá ní kí Àǹtí gbé Arúgbó lọ sílé bó bá fẹ́.

"Rárá o," ni Àǹtí wí. "Ilé wa ò gba arúgbó méjì."

Ọjọ́ tó dé láti ibi iṣẹ́ fún ìgbà ìkẹyìn, ó bá Káfíńtà lẹ́yìn ilé, ó ń fá pákó. Ó dúró títí tí pákó náà fi dán.

"Kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú fíríìjì nígbà yẹn. Ẹ̀yin lẹ fi síbẹ̀?"

"Kọ́kọ́rọ́ wo?"

"Ẹ má purọ́ fún mi. Àánú tí wọ́n ti ṣe mí ti tó."

Káfíńtà gbé irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó fẹ́ ṣàwàdà, ó la ẹnu, àwàdà kan ò jáde. "Èmi kọ́," ó ní.

"Kí ló tún wà?"

"Òòfà..."

"Kí ló tún wà?"

"Iná ìdáná. Mo máa ń dìde lẹ́yìn rẹ lọ pa á. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà. Iyọ̀ ọbẹ̀, nígbà mìíràn. Àwọn ọmọ, bí wọ́n bá pè lórí fóònù, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tó pè sókè, kó o lè gbọ́ ọ."

Ìyẹn ni Àǹtí kò rò. Ó rò pé Káfíńtà kàn fẹ́ràn láti máa pariwo orúkọ àwọn ọmọ ni. Ó jókòó sórí pákó, fùlùfúlù pákó lẹ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀, kò gbọ̀n ọ́n.

"Ẹ má bá mi ṣe é mọ́," ó ní. "Bí mo bá gbàgbé, ẹ jẹ́ kí n rí i. Bó bá ń jóná, ẹ jẹ́ kó jóná. Mo fẹ́ mọ ibi tí mo dé. Èèyàn ò lè máa fi ìdajì ṣírò ayé rẹ̀ kí ẹlòmíràn máa sọ ọ́ di odindi lẹ́yìn rẹ̀."

"O ò mọ ohun tó ò ń sọ."

"Mo ṣì mọ̀ ọ́n lónìí. Ẹ ṣèlérí kí n tó gbàgbé pé mo bẹ̀ yín."

Káfíńtà tún mú irinṣẹ́ rẹ̀, ó tún gbé e kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣèlérí.

Káfíńtà gbìyànjú. Ó jẹ́ kí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní ṣíṣí, òun náà ò sì sùn. Ó jẹ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, ó jẹ èyí tí iyọ̀ pa. Bí fóònù bá dún, ó máa ń jáde síta kó má bàa gbọ́ bí Àǹtí ṣe ń wá orúkọ ọmọ kiri, tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ sọ, tó ń sọ pé, "Ìwọ náà ńkọ́? Àwọn ará ilé ńkọ́?" bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan. Àǹtí gbé kẹ́tù kaná, ó lọ sínú yàrá. Káfíńtà jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná. Omi hó, ó fẹ́ fèrè, fèrè náà sì rọlẹ̀ bí omi ṣe ń gbẹ. Káfíńtà ń gbọ́ bí Àǹtí ṣe ń rìn nínú yàrá, ó ń kọrin sábẹ́ ahọ́n. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì há àárín itan kó má bàa na ọwọ́ sí iná. Ìdí kẹ́tù pọ́n, etí rẹ̀ yọ́, ó ń kán sílẹ̀ tó, tó. Èéfín gba inú ilé. Omi ń dà lójú rẹ̀, ó ní èéfín ni.

Àǹtí wọlé, ó fi aṣọ bo imú. "Kí ló ń jóná? Ta ló gbé kẹ́tù kaná?"

Ọwọ́ Káfíńtà ṣì há láàárín itan.

Àǹtí sáré pa iná. Ó yíjú pa dà, ó wo ọkọ rẹ̀ tó jókòó síbẹ̀ bí ère, ojú Àǹtí sì mọ́ kedere, kò sí ìlérí kankan nínú rẹ̀, kò sí ọjọ́ tó jókòó sórí pákó lẹ́yìn ilé. "Ẹ jókòó síbí, ẹ ń wò ó, ẹ ò lè dìde pa á?"

Káfíńtà wò ó. Ó rántí ohun tó ṣèlérí. Òun nìkan ló rántí.

"Má bínú," ó ní. "Èmi ni mo gbé e kaná. Mo gbàgbé ni."

Àǹtí Òòfà mí kanlẹ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fi ọwọ́ pa á lórí bí ẹni ń rẹ ọmọdé lẹ́kún. "Pẹ̀lẹ́," ó ní. "Ọjọ́ orí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n máa bá yín rántí."